Má Tíì Ra Dísíkì Mìíràn

Omagba, Onitsha.

Àbẹ̀kẹ́ mi,

RAID ni orúkọ tí àwọn oníkọ̀ǹpútà ń pe ọgbọ́n kan tí a fi ń so dísíkì mélòó kan pọ̀ kí wọ́n lè jọ ru ẹrù kan náà. Dísíkì ni àpótí pẹlẹbẹ inú kọ̀ǹpútà tí gbogbo àwòrán, ìwé àti ohùn tí o bá tọ́jú ń gbé. Tìrẹ jẹ́ oní-mẹ́ta. Bí ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá kú, méjì tó kù jọ mọ ohun tó wà lórí òkú náà, wọn yóò sì tún un kọ sórí èyí tuntun tí o bá fi rọ́pò rẹ̀. Ohun tí RAID jẹ́ nìyẹn, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí méjì bá kú pọ̀, gbogbo ẹrù náà ti dànù nìyẹn. Jọ̀wọ́, di gbólóhùn ìkẹyìn yìí mú, nítorí òun ló jẹ́ kí n jókòó kọ lẹ́tà gígùn báyìí.

Mo mọ̀ pé Ìgbò yá lẹ́nu rẹ ju Yorùbá lọ. Onitsha la ti tọ́ ọ, mi ò sì bá ọ jà sí i. Bí ibì kan bá le, kà á sókè. Yóò yé ọ.

Nígbà tí o pè mí lọ́jọ́rú, o ò tilẹ̀ kí mi tán. O ní, "Dádì, ó tún ti kú! Ẹlẹ́ẹ̀kẹta rèé láàárín oṣù mẹ́rin tí mo dé Abẹ́òkúta. Ayédèrú ni ọ̀gbẹ́ni yẹn ń tà fún mi. Màá fi ọlọ́pàá mú un."

Mo bi ọ́ pé èwo ló kú. O ní, "Ẹ̀kẹta náà ni. Òun ló máa ń kú."

Mo bi ọ́ pé níbo ni ohùn ìyá rẹ wà. O ní, "Inú ẹ̀ náà ni."

"Ibòmíràn ńkọ́?"

O ní, "Dádì, ṣebí RAID ni. Ó ti ní ẹ̀dà nínú ara ẹ̀."

Lẹ́yìn náà lo sọ, bí ẹni ń sọ ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́, pé dísíkì kejì náà ti ń ró kẹ́ẹ́, kẹ́ẹ́, kẹ́ẹ́, àti pé lọ́jọ́ Sátidé o máa ra ẹ̀kẹta tuntun, kí o tì í bọ inú kọ̀ǹpútà, kó bẹ̀rẹ̀ sí í tún ara rẹ̀ kọ. Mo fẹ́ fèsì, ṣùgbọ́n wọ́n ti ń dúró dè ọ́ ní ìpàdé. Iṣẹ́ tuntun kì í dúró de bàbá arúgbó. Ìdí nìyí tí mo fi kọ ọ́ sílẹ̀, tí mo sì fi í ṣe wébílì, lọ́wọ́ awakọ̀ bọ́ọ̀sì, pẹ̀lú wáyà méjì tí o rí nínú àpò yìí.

Mo fẹ́ kí ohun tó wà nínú ewu hàn sí ọ dáadáa. Ìyá rẹ kì í kọ lẹ́tà sí ìyá tirẹ̀ ní Ìkìrun. Ìyá àgbà kò mọ̀wé, kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa ka ọ̀rọ̀ ọmọ rẹ̀ sí òun létí. Inú kásẹ́ẹ̀tì ni ìyá rẹ máa ń sọ̀rọ̀ sí, níwájú ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, á fi rán ẹni tó bá ń lọ sílé. Ìgbà tí ìyá àgbà kú la gba kásẹ́ẹ̀tì mọ́kànlá padà. Ìwọ lo fi sùúrù gbà wọ́n sínú kọ̀ǹpútà, o sì ṣe dáadáa, nítorí ọ̀rinrin ti jẹ tẹ́ẹ̀pù inú wọn. Àwọn mìíràn já lẹ́yìn tí o gbà wọ́n tán. A ò lè gbà wọ́n lẹ́ẹ̀kejì. Ìyá rẹ ti lọ, kásẹ́ẹ̀tì ti lọ, ohun tó kù wà lórí dísíkì méjì, ọ̀kan nínú wọn sì ń ké. Èmi náà jẹ̀bi. Kí o tó kó lọ, ó yẹ kí n béèrè bóyá ẹ̀dà mìíràn wà. Mo rò pé o ní in, mi ò béèrè.

Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Jẹ́ kí n wo ẹ̀yìn fún ọ díẹ̀.

Ogun ò tíì pẹ́ tó parí nígbà tí wọ́n gbé mi wá sí ìlú yìí. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti òkè òkun dé pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí méjì àti kóòtù kan tí ooru ò jẹ́ kí n lè wọ̀. Owó epo ti ń wọlé, gbogbo Onitsha ń kọ́lé. Bí o bá rìn láti ilé wa dé ibi iṣẹ́, ìró ṣọ́bìrì nínú kọnkéré ni wàá máa gbọ́. Ní ilé tẹlifóònù tí mo ti ń ṣiṣẹ́, wọ́n ti rẹ́ ihò ọta ìbọn ara ògiri, wọ́n sì ti fi ọ̀dà tuntun kun ohun gbogbo tí búrọ́ọ̀ṣì lè dé: ilẹ̀kùn, fèrèsé, irin, páìpù. Bí ẹni tó mọ̀ kò bá sọ fún ọ, o ò ní mọ̀ pé iná ti jó níbẹ̀ rí.

Yàrá bátìrì wà lẹ́yìn ilé náà. Bátìrì ńlá mẹ́rìnlélógún la tò síbẹ̀, a sì fi pẹlẹbẹ bàbà so ọ̀kan mọ́ èkejì, kí tẹlifóònù má bàa dákẹ́ nígbà tí iná bá lọ. Ẹni tó ń tọ́jú wọn ni ọkùnrin kan tí gbogbo wa ń pè ní Papa Chinwe, ọmọ Ogidi. Ó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ náà kí ogun tó dé, ó sì padà sí i nígbà tó parí. Ó fi nǹkan bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún jù mí lọ, ṣùgbọ́n èmi ni ọ̀gá.

Bátìrì kẹtàdínlógún kú. A pààrọ̀ rẹ̀. Kò tó oṣù méjì, ó tún kú. A tún pààrọ̀ rẹ̀, ó tún kú. Nígbà náà ni Papa Chinwe wọ ọ́fíìsì mi, ó ń fi aṣọ nu ọwọ́. Ó ní, "Oga, no be the battery. Na the place."

Mo ní, "Place how?"

Ó ní, "Number nine strong well-well. I carry number nine go put for seventeen. E die. The one wey I carry from seventeen go nine never die."

Wo ohun tí ọkùnrin yìí ṣe, Àbẹ̀kẹ́. Kò lọ sí yunifásítì. Ó mú èyí tó dára lọ síbi tí nǹkan ti ń kú, ó mú èyí tí à ń fura sí lọ síbi tí nǹkan ti ń yè, ó sì dúró wo bóyá àìsàn náà yóò tẹ̀lé bátìrì tàbí yóò jókòó sí àyè rẹ̀. Kò sí àyẹ̀wò tó dára ju ìyẹn lọ láyé yìí. Títí dòní, nígbà tí mo ti kọ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn níṣẹ́, àyẹ̀wò yẹn náà ni mo fi ń kọ́ wọn.

Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ yẹn, ohun tí mo gbọ́ kò ju pé ó gbé bátìrì ìjọba kúrò ní àyè rẹ̀ láìgba àṣẹ mi. Mo fún un ní kuẹ́rì, ìwé pé kó wá wí tẹnu rẹ̀. Mo sì fi kún un, láìrí i lójú, pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé omi kànga ló ń bù sínú bátìrì dípò omi tó mọ́. Wọ́n ní kó lọ jókòó sílé. Ó ka ìwé náà, ó ká a sí mẹ́rin, ó fi sápò. Kò bú mi.

Mo délé, mo ròyìn fún ìyá rẹ bí mo ti ń jẹun. Ó wà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, ìwọ wà lẹ́yìn rẹ̀. Kò gbójú sókè. Ó ní, "Bàbá Àbẹ̀kẹ́, bí òwú bá já lójú ẹ̀rọ mi, kí ni mo máa ń ṣe?"

Mo ní, "O máa ń fi òwú mìíràn sí i."

"Bó bá tún já ńkọ́?"

"Wàá tún fi òmíràn sí i."

Ó dá ẹ̀rọ dúró. "Kí àwọn oníbàárà mi lè máa fi mí ṣe ẹ̀sín? Bó bá já lẹ́ẹ̀kejì lójú kan náà, mo ti mọ̀ pé òwú ò jẹ̀bi. Màá wo abẹ́rẹ́. Màá wo ibi tí òwú ń gbà kọjá. Ẹ̀yin tí wọ́n fi ọkọ̀ òfuurufú gbé lọ kàwé yìí, ṣé wọn ò fi abẹ́rẹ́ hàn yín níbẹ̀ ni?"

Mo sọ fún un pé bátìrì kì í ṣe òwú. Ó ní, "Mo gbọ́ o, ẹnjiníà," ó sì ń bá ìránṣọ rẹ̀ lọ, èjìká rẹ̀ ń mì nítorí ẹ̀rín.

Wọ́n gbé ọkùnrin mìíràn wá dípò Papa Chinwe. Omi tó mọ́ nìkan ló ń bù, mo ń dúró tì í. Bátìrì kẹtàdínlógún tún kú, lọ́tẹ̀ yìí iná ìjọba ò sí, gbogbo tẹlifóònù ìlú sì dákẹ́ lọ́sàn-án gangan. Ìgbà yẹn ni mo tó ká apá ṣẹ́ẹ̀tì sókè, tí mo fi ọwọ́ ara mi tú pẹlẹbẹ bàbà tó wà níbẹ̀. Mo ha ọ̀dà orí rẹ̀ kúrò. Abẹ́ ọ̀dà náà ti sán. Iná ogun ló ti jó o, ẹni tó kun ún ò sì mọ̀, ó kun ún pọ̀ mọ́ ìyókù. Inú sísán náà ti dípẹtà, àwọ̀ rẹ̀ ti dà bí ti ewé. Gbogbo ìgbà tí iná bá fẹ́ kọjá níbẹ̀, ńṣe ló ń fún ara rẹ̀ gbà, ooru rẹ̀ sì ń se bátìrì tó bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pa. Bátìrì tó dára ni mo ń rà wá, ojú ọgbẹ́ tí a kun ní ọ̀dà ni mo ń gbé wọn lé.

Lọ́jọ́ kejì mo lọ sí Ogidi. Mo bá Papa Chinwe níbi tó ti ń da búlọ́ọ̀kù, sìmẹ́ǹtì dé ìgúnpá rẹ̀. Mo kí i ní Ìgbò tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́, mo ní, "Papa Chinwe, ndewo."

Ó wò mí. Ó ní, "Engineer. You don see am?"

Mo ní, "I don see am."

"Na the copper?"

"Na the copper."

Kò sọ "mo wí fún ọ." Ó ní kí n bá òun di ẹ̀gbẹ́ kan mọ́ọ̀dù náà mú, a jọ gbé búlọ́ọ̀kù náà sílẹ̀, ó fọ́ sí méjì, ó rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ló sọ fún mi pé òun yóò padà síṣẹ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ tó kọ ìwé àkọ́kọ́ ni kó kọ ìkejì, kó sì jẹ́ pé gbogbo ẹni tó ka ti àkọ́kọ́ ni yóò ka èyí náà. Mo kọ ọ́. Ó ṣòro fún mi ju ìdánwò èyíkéyìí tí mo ti ṣe rí lọ.

Ní báyìí, padà sí kọ̀ǹpútà rẹ.

Àkọ́kọ́, ẹ̀kẹta ló ń kú nígbà gbogbo. Dísíkì mẹ́ta tí a rà lọ́jọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ kì í pàdé láti lọ kú sórí àga kan ṣoṣo. Ọ̀nà kì í gba ibi tí a fojú sí. Ìwọ fojú sí dísíkì, ọ̀nà lè wà níbi wáyà. Ohun méjì ni kò yí padà ní àyè kẹta yẹn láti ìgbà tí o ti ń pààrọ̀ dísíkì: wáyà tó ń gbé ọ̀rọ̀ lọ gbé ọ̀rọ̀ bọ̀, àti ẹ̀ka wáyà tó ń gbé iná wá. Kọ̀ǹpútà yìí ṣiṣẹ́ fún ọdún méjì ní Omagba láìṣàìsàn. Lẹ́yìn náà la dì í sínú páálí, a tì í sẹ́yìn bọ́ọ̀sì ní páàkì Upper Iweka, ìwọ náà sì mọ bí ọ̀nà ti rí. Ohun tó mì láti ibí dé Abẹ́òkúta lè tú. Mi ò sọ pé ó dájú. Mo ní kí a wò ó kí a tó dá ẹjọ́.

Dísíkì kọ̀ọ̀kan a máa kọ ìtàn ara rẹ̀, o sì lè ní kí kọ̀ǹpútà fi hàn ọ́. Má jẹ́ kí gígùn rẹ̀ dẹ́rù bà ọ́. Ìlà méjì ni kí o wá. Ọ̀kan ń ka iye ojú ibi tó ti bàjẹ́ lára dísíkì fúnra rẹ̀. Èkejì ń ka iye ọ̀rọ̀ tó dàrú lójú ọ̀nà kó tó dé. Bí ti àkọ́kọ́ bá ń lọ sókè, dísíkì ló ń ṣàìsàn. Bí ti àkọ́kọ́ bá dúró ní òdo, tí èkejì ń gòkè, wáyà ni.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù ni Sátidé rẹ. Nígbàkígbà tí o bá fi dísíkì tuntun sí i, àwọn méjì tó kù ní láti ka gbogbo ara wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, láìsinmi, kí wọ́n lè tún ẹ̀kẹta kọ. O ti lé wọn sá eré yẹn lẹ́ẹ̀mejì. Ọjọ́ kan náà la ra àwọn méjèèjì, nítorí náà ọjọ́ orí kan náà ni wọ́n jọ ń dàgbà. Bí o bá tún lé wọn sáré, èyí tó ń ké yẹn lè ṣubú lójú ọ̀nà, kò sì ní sí ẹni tó mọ ohun tó rù mọ́. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Nípa ọ̀gbẹ́ni tó ń ta dísíkì, fi ọlọ́pàá sílẹ̀. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Bó bá jẹ́ pé wáyà ni, ìwọ lo jẹ ẹ́ ní ẹ̀bẹ̀, kí o sì bẹ̀ ẹ́ níṣojú àwọn tí o bá ti bú u níṣojú wọn. Nínú iṣẹ́ tuntun yìí pẹ̀lú, wọ́n ti fi ènìyàn sábẹ́ rẹ. Lọ́jọ́ kan, ẹnìkan nínú wọn tí kò kàwé tó ọ yóò sọ fún ọ pé, "Mà, kì í ṣe èmi, ibẹ̀ ni." Dìde lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ kí o lọ wo ibẹ̀. Ẹni tó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Èmi ti jìn sí i fún ọ.

Ó ku ọ̀kan. RAID kì í ṣe ẹ̀dà. Bí olè bá gbé kọ̀ǹpútà náà, dísíkì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló gbé. Bí ọwọ́ rẹ bá ṣèèṣì pa ohùn kan rẹ́, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni yóò jọ gbàgbé rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀dà ni èyí tó wà nínú ilé mìíràn, ó sàn tó bá jẹ́ ìlú mìíràn. Ẹyin lohùn, wọ́n ní bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Gbogbo ẹyin wa wà nínú agbọ̀n kan, agbọ̀n náà sì ń jò.

O rántí kásẹ́ẹ̀tì keje? Ibẹ̀ ni ìyá rẹ ti ń sọ ìtàn bátìrì yìí fún ìyá àgbà. Ó ní, "Màámi, ọkọ mi ti wá kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ òwú o!" Ẹ̀rọ ìránṣọ ń dún, ìwọ ń sunkún lẹ́yìn rẹ̀, ó ń fi ẹ̀rín rẹ̀ ọ́ lẹ́kún. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo gbọ́ ọ, lọ́jọ́ tí o gbà á sínú kọ̀ǹpútà. Mo ní ojú ń tì mí, mo ní kí o pa á. Láti ọjọ́rú tí o ti pè mí, òun ni mo fẹ́ gbọ́.

Nítorí náà, ṣe é báyìí. Bí kọ̀ǹpútà náà bá wà ní títàn, má pa á. Bó bá wà ní pípa, má tàn án títí dísíkì àfọwọ́gbé tuntun yóò fi wà lọ́wọ́ rẹ. Da fódà ohùn ìyá rẹ nìkan sórí rẹ̀ kí o tó da àwòrán tàbí ohunkóhun mìíràn. Ṣí kásẹ́ẹ̀tì keje láti orí dísíkì àfọwọ́gbé náà, kí o gbọ́ ọ dé òpin. Da ẹ̀dà kejì sórí òmíràn, fi aṣọ wé e, fi rán awakọ̀ tó ń bọ̀ ní Upper Iweka, kí o sì fi nọ́ńbà ọkọ̀ rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Màá ti wà ní páàkì. Wáyà inú àpò yìí ni wàá fi rọ́pò ti àyè kẹta, ti ọ̀rọ̀ àti ti iná, lẹ́yìn tí o bá ti pa kọ̀ǹpútà tí o sì ti yọ ọ́ lára iná. Ṣùgbọ́n má fọwọ́ kan ìkankan nínú wọn títí màá fi pè ọ́ láti Omagba pé mo ti gbọ́ ẹ̀rín ìyá rẹ.

Bàbá rẹ.